Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ inú láíbìrì koléèjì: ta la ń ṣe é fún?

ÌBÉÈRÈ

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Iléṣà. Koléèjì kan wà tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lóṣooṣù nínú láíbìrì wọn, lórí àṣà, òṣèlú àti ọ̀rọ̀ àwùjọ. Wọ́n lẹ ìwé ìkéde mọ́ ògiri àdúgbò wa pé gbogbo ènìyàn ló lè wá, pé ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn dá lórí ìjọba ìbílẹ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ aṣọ tó dáa, mo lọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní kí n fi káàdì hàn, mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó jẹ́ kí n wọlé. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ṣì ń kí àwọn èèkàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òyìnbó ni olùbánisọ̀rọ̀ fi ka ìwé rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n túká ni alága tó ní ká béèrè ìbéèrè, àwọn olùkọ́ méjì ló sì gba máíìkì. Mo gbé ìbéèrè tèmi padà sílé. Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ láíbìrì, ṣé àwa náà wà nínú "gbogbo ènìyàn" tí wọ́n kọ yẹn? Ṣé mo tún lè padà lọ?

*

O wà nínú rẹ̀. Ìwọ gan-an ló yẹ kí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ ọ́. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ láíbìrì, ní Ifẹ̀ àti ní Iléṣà, mo sì ti to àga fún irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ohun tó o kọ yìí dùn mí, torí kò sí èyí tí ojú mi kò tíì rí nínú rẹ̀.

Mi ò ní í bá ẹ̀ṣọ́ yẹn wí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ló ń ṣe. Ẹni tó lẹ ìwé mọ́ ògiri yín ni kò lọ sọ fún un pé àlejò ń bọ̀. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n dá padà lẹ́nu géètì, ìwé mẹ́ta tó fẹ́ fi ta wá lọ́rẹ sì wà nínú àpò rẹ̀. Ọjọ́ kejì la tó gbọ́. Mo lọ bá a nílé, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó kó ìwé náà fún mi, ṣùgbọ́n kò wá mọ́. Láti ọjọ́ náà, kí n tó lẹ ìkéde kankan, àwọn ẹ̀ṣọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ mú un lọ fún. Màá kà á sí wọn létí, màá sì ní kí ẹnì kan láti láíbìrì lọ dúró tì wọ́n lọ́jọ́ náà.

Ti àkókò ló burú jù. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo mọ̀, wákàtí méjì ni wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀. Kíkí àwọn èèkàn á jẹ ogójì ìṣẹ́jú, ìwé kíkà á jẹ wákàtí kan àti díẹ̀, ìbéèrè á wá máa ṣa èérún tó kù. Nígbà tó kan mi láti tò ó, mo yí i padà: ìṣẹ́jú márùn-ún fún ìkíni, ogójì fún olùbánisọ̀rọ̀, gbogbo ìyókù fún ìbéèrè. Àwọn kan bínú, wọ́n ní mo fojú di ọ̀jọ̀gbọ́n. Mi ò fojú di ẹnikẹ́ni. Ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n kọ wà lórí pẹpẹ, ẹni tó bá fẹ́ lè wá kà á lọ́la. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn télọ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Tí kò bá ti sọ ọ́ níbẹ̀, ó sọnù nìyẹn.

*

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé ló ti dá sí ọ̀rọ̀ èdè. Ohun mẹ́ta lẹ ń sọ. Ẹ ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe Yorùbá wà nínú koléèjì. Ẹ ní kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún òṣèlú òde òní. Ẹ ní ibi ẹ̀kọ́ gíga ni, Òyìnbó ló yẹ ẹ́.

Mo fara mọ́ ti àkọ́kọ́. Ọmọ Íbò tàbí ọmọ Tiv tó wá kàwé lọ́dọ̀ wa kò gbọdọ̀ jókòó bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ta. A máa ń fi wọ́n sí apá kan, akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa á jókòó sáàárín wọn, wọ́n á máa túmọ̀ fún wọn ní jẹ́jẹ́. A sì máa ń tẹ kókó ọ̀rọ̀ ní Òyìnbó sójú ìwé kan. Kò ná wa ju owó fótókópì lọ.

Èkejì ni mi ò lè gbà. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn Yorùbá lórí rédíò mọ̀ pé ètò ìsúná, ilé aṣòfin, owó orí, ìdìbò abẹ́lé, gbogbo wọn ló ti ní orúkọ tipẹ́. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa. Àwọn ọmọdé pàápàá ti fi hàn wá pé ó ṣeé ṣe. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù. Òyìnbó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀kọ́ tuntun ní Yorùbá, wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò ní ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ náà wò, wọn kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn, kódà nínú Òyìnbó. Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Modákẹ́kẹ́, àgbàlagbà yẹ kó lè fi í ṣàlàyé fún àgbàlagbà bí owó ṣe ń dé káńsù.

Ẹ̀kẹta: ẹ wo Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999. Abala 55 ní Òyìnbó ni ilé aṣòfin àpapọ̀ á máa lò, àti Hausa, Íbò àti Yorùbá nígbà tí ètò tó péye bá ti wà fún un. Abala 97 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Òyìnbó, bí ilé bá fọwọ́ sí i. Tí òfin bá gba àwọn tó ń ṣòfin láyè, kí ló ń dẹ́rù ba láíbìrì?

Mo mọ̀ pé ó máa ń nira fún olùbánisọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé Òyìnbó ló fi kẹ́kọ̀ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan bá mi sọ ọ́ lójú omijé pé òun kò lè fi èdè ìyá òun sọ iṣẹ́ tí òun ti ṣe fún ogún ọdún. A ní kó wá lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, òun àti olùkọ́ Yorùbá kan jókòó, wọ́n wá ọ̀rọ̀ tó ń sọnù lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó dọ́jọ́, ó sọ̀rọ̀ dáadáa ju bó ṣe máa ń sọ ọ́ ní Òyìnbó lọ, torí kò ka ìwé mọ́. Ojú àwọn èèyàn ló ń wò.

Ohun kan tún wà tẹ́nì kankan kò tíì dárúkọ. Ìyá àgbà kan dìde nígbà kan, ó fi Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà jókòó láìparí ọ̀rọ̀. Mo gba máíìkì, mo ní ẹni tó bá tún rẹ́rìn-ín á jáde. Mo wá lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ tún un sọ. Ọmọ Ọwá tí yóò bẹ̀rù láti sọ Ìjẹ̀ṣà ní Iléṣà, ibo ló tún kù tí yóò ti sọ ọ́?

*

Sí ẹni tó ní láìsí oúnjẹ kò sẹ́ni tó máa wá: mi ò gbà. Omi ló ṣe pàtàkì. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi se ìrẹsì, ẹ fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kí máíìkì má baà kú sáàárín ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó yẹ ká ṣe é náà tún wà níbẹ̀. Sátidé, ìnáwó. Ọjọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́rú, ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Jímọ̀, àwọn Mùsùlùmí ń lọ kírun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bá wa mu, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ká sì jáwọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, torí àwọn obìnrin ọjà ní oúnjẹ láti sè.

*

Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ìbéèrè aráàlú lè fi kún ọ̀rọ̀ onímọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ méjì.

Wọ́n wá sọ̀rọ̀ lórí ogun Kírìjì, tí Ẹ̀kìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn jà láti 1877 títí wọ́n fi ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Olùbánisọ̀rọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ ti Ògèdèǹgbé Agbógungbórò, ọ̀gágun Ẹ̀kìtìparapọ̀, ó sọ bí dídún ìbọn ńlá ṣe fún ogun náà lórúkọ, gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan tó ń ta fùfú dìde, ó ní, "Ta ló ń bọ́ wọn?" Ó ní ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ọjọ́ mẹ́sàn-án, ta ló ń gbin iṣu, ta ló ń rù ú dé ibùdó ogun, owó wo ni wọ́n fi ń rà á? Ilé dákẹ́. Olùbánisọ̀rọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé òun kò tíì fi ojú yẹn wo ogun náà rí.

Èkejì ni ti obìnrin aláta. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà dá lórí ìjọba ìbílẹ̀, bíi ti èyí tí ìwọ náà lọ. Ó dìde, ó fa ìwé tíkẹ́ẹ̀tì méjì yọ nínú àpò owó rẹ̀, àwọ̀ wọn yàtọ̀. Ó ní àwọn kan gba owó lọ́wọ́ òun láàárọ̀, àwọn mìíràn gbà á lọ́sàn-án, ọjọ́ kan náà, ìsọ̀ kan náà. Ó fẹ́ mọ èwo ló bófin mu. Olùbánisọ̀rọ̀ ti sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú lórí ìjọba ìbílẹ̀, kò lè dá a lóhùn. Alága fẹ́ sáré kọjá. Obìnrin náà kò jókòó. Ó ní Òṣómàáló ni bàbá òun, ẹni tó ń ta aṣọ láwìn kiri, tó máa ń lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí owó á fi jáde. Òun náà á lóṣòó sínú láíbìrì yìí títí ìdáhùn á fi jáde.

Mo ní kó fún mi ní oṣù kan. Mo ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle, mo kọ ìbéèrè rẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́. Mo wá ṣí Ìwé Òfin. Àfikún Kẹrin rẹ̀ ló to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta, itẹ́ òkú, àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, títí dé ìwé àṣẹ fún kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke. Ọjà wà níbẹ̀ gedegbe. Ṣùgbọ́n òfin 1998 tó pín owó orí àti owó ìlú láàárín àwọn ìjọba mẹ́ta fi nǹkan kan sí i: ìjọba ìbílẹ̀ ló ni owó ọjà, àyàfi ọjà tí owó ìpínlẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè obìnrin yẹn bí òmíràn: owó ta ni wọ́n fi kọ́ ọjà náà? Láti orí tíkẹ́ẹ̀tì, a dé orí ìtàn ìlú.

Nígbà tí oṣù pé, òun àti obìnrin mẹ́rin mìíràn ló wá. Kí olùbánisọ̀rọ̀ tuntun tó bẹ̀rẹ̀, mo fi ìṣẹ́jú márùn-ún ka ohun tí mo rí. Wọ́n ní kí n ṣe fótókópì rẹ̀, wọ́n mú un lọ fún Ìyálọ́jà. Láti ìgbà náà, gbogbo ìbéèrè tí a kò bá lè dáhùn, inú ìwé yẹn ló ń lọ, a sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ìjókòó tó kàn láti inú rẹ̀. Iṣẹ́ láíbìrì nìyẹn, ju àga títò lọ.

*

Ẹnì kan ní kí àwọn láíbìrì jáwọ́ nínú òṣèlú, kí wọ́n mú àṣà nìkan, torí òṣèlú ń dá ìjà sílẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn kò ṣàì ní ìdí. Ṣùgbọ́n àṣà wo ni kò ní òṣèlú nínú? Ẹ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ oyè, ẹ ti dé orí ilẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀, ẹ ti dé kọ́ọ̀tù.

Ohun tí mo gbà ni pé kí òfin wà. Bí a bá pe ẹgbẹ́ òṣèlú kan, ká pe gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé fìlà ẹgbẹ́ wọlé. A ò gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tó ń du ipò. Ọ̀kan fẹ́ fún wa ní igba àga oníke tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn wọn. A ṣe àríyànjiyàn lé e fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí àga wa ti ń já lóòótọ́. Mo dúró pé rárá. Ọ̀gá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n lórí bẹ́ńṣì onígi la jókòó sí lóṣù náà, ẹni gbogbo sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ìjókòó tó wù mí jù nínú gbogbo èyí tí mo tò ni ti Wẹtíẹ̀, rògbòdìyàn òṣèlú tí wọ́n ti ń da epo bẹntiróòlù sí ilé àti èèyàn lára, tí wọ́n ń ṣáná sí wọn. Olùkọ́ kan ń ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lẹ́yìn ìdìbò October 1965. Bàbá kan na ọwọ́ sókè, ó ní òun wà níbẹ̀, ọmọ ogún ọdún lòun. Ó sọ bí òórùn epo bẹntiróòlù ṣe rí lára ògiri ilé aládùúgbò wọn kí wọ́n tó ṣáná sí i, ó sì sọ pé òun mọ ọwọ́ tó dà á. Olùkọ́ náà pa ìwé rẹ̀ dé, ó jókòó, ó ń gbọ́.

Ti Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ le ju èyí lọ. Ifẹ̀ ni mò ń gbé nígbà ìjà 1997 sí 2000, mo mọ ohun tí oorun kò lè wá túmọ̀ sí. Àwọn kan ní ká má sọ ọ́ mọ́ láé. Àwọn kan ní ká kó gbogbo ènìyàn jọ, ká tú u síta. Mi ò gba ti apá méjèèjì. Mo wà níbi ìjókòó kan tí olùbánisọ̀rọ̀ ti sọ "àlejò" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nípa àwọn èèyàn tí wọ́n bí bàbá bàbá wọn síbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ gba ìpalẹ̀mọ́: èèyàn láti ìhà méjèèjì, kí wọ́n ti pàdé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣáájú, kí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọ́n ṣe máa pe ara wọn àti bí wọ́n ṣe máa sọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀, ohun tí àgbẹ̀ ń san fún onílẹ̀. Láíbìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi í ṣáájú.

*

Ẹ ń sọ pé kí wọ́n kúkú gbé e wá sí ìgboro. Èrò yẹn ti pẹ́, ó sì dára. Ní 1968, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Yunifásítì Ifẹ̀ kó dé láti Ìbàdàn, wọ́n dá gbọ̀ngàn Orí Olókun sílẹ̀ ní Arúbídí, láàárín ìlú, kì í ṣe inú ọgbà. Ibẹ̀ ni Ọlá Rótìmí ti ń ṣe eré. Ọmọ ìlú kò nílò láti wọkọ̀ láti géètì lọ sínú ọgbà kó tó rí i, ẹni tó bá sì mọ bí géètì OAU, orúkọ tí Yunifásítì Ifẹ̀ ń jẹ́ báyìí, ṣe jìn sí Láíbìrì Hezekiah Oluwasanmi á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Síbẹ̀, fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mo ṣì fẹ́ láíbìrì. Mo máa ń to tábìlì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, gbogbo ìwé tó bá kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni màá kó sórí rẹ̀, Òyìnbó àti Yorùbá, pẹ̀lú ìwé ìròyìn àtijọ́. Tí ìjókòó bá tú, ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń rọ́ lọ. Vọ́káníísà kan dúró níbẹ̀ títí a fi fẹ́ pa iná, ìwé ìròyìn tó jáde lọ́dún tí wọ́n bí i ló ń kà. Gbọ̀ngàn ìlú kò lè fún un ní irú ìyẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò ní ariwo wa ń dí wọn lọ́wọ́, òótọ́ sì ni. Ẹ fi yàrá ìkàwé sílẹ̀ fún wọn, ẹ lo iwájú láíbìrì tàbí yàrá ìpàdé. Tí oṣù ìdánwò bá dé, ẹ sún un síwájú. Kò yẹ kí èyí di ìjà.

Ti fífi í sórí fóònù: ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ṣọwọ́ lórí WhatsApp. Fídíò ń jẹ dátà àwọn èèyàn.

*

Àbúrò télọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo padà sí. O béèrè bóyá o lè padà lọ. Má dá lọ. Mú ẹni méjì dání láti àdúgbò yín. Ẹ tètè dé, ẹ jókòó síwájú, ibi tí ojú alága á ti máa bá tiyín pàdé. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, lọ bá òṣìṣẹ́ láíbìrì, kì í ṣe alága o, sọ fún un pé o ní ìbéèrè àti pé Yorùbá lo máa fi béèrè rẹ̀. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ. Bí wọn kò bá kọ ọ́, béèrè ẹni tó ń bójú tó ètò náà, kó o sì kọ lẹ́tà sí i lọ́jọ́ kejì, ojú ìwé kan tó. Mo ti gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí, òun ló jẹ́ ká yí àkókò ìbéèrè padà.

Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi. Tó o bá ti gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe èyí tó kàn, jẹ́ kí n mọ̀, màá pàdé rẹ lẹ́nu géètì. Ìwé ẹlẹ́yìn líle yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ojú ewé tó kù kò kéré. Ìbéèrè tó o gbé padà sílé lọ́jọ́ náà, kọ ọ́ síbí kí n lè dà á kọ. Kí lo fẹ́ bi wọ́n?